Léèsì mi yí àwọ̀ padà!

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra léèsì ní Wuse Market, nínú ṣọ́ọ̀bù búráùn ló jẹ́, àfi bí mo ṣe jáde sínú oòrùn tó di pupa wáìnì! Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún mi ni? Ìyá Ìbejì, Kubwa.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì lọ bá wọn jà o, ó jọ pé iná ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fa wàhálà. Dáì tó wà lára aṣọ, ṣe ló máa ń gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á, á wá da ìyókù padà, ìyókù yẹn ló ń wọ ojú wa tá a fi ń sọ pé pupa ni àbí búlúù. Oòrùn ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè nínú, Isaac Newton ti fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú u palẹ̀ látìgbà 1660s. Ṣùgbọ́n iná LED funfun tó wọ́pọ̀ báyìí, búlúù gan-an ló ń tàn nínú ẹ̀, wọ́n kàn fi lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò kan bò ó kó lè funfun lójú wa ni, pupa inú ẹ̀ kì í sábà tó, pàápàá àwọn olówó pọ́ọ́kú. Pupa tí ò sí nínú iná, kí laṣọ fẹ́ dá padà? Gúlóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn ńkọ́, pupa ló pọ̀ níbẹ̀, búlúù ni ò tó nǹkan.

Ti aṣọ ẹbí ló tiẹ̀ burú jù, torí aṣọ méjì lè bára mu nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má jọra níta rárá. Ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó ná an.