Iyè rẹ̀ ti ra, ṣùgbọ́n òfì ṣì mọ́ ọn lára

Ìbéèrè: Ìyá ìyá mi ní Búnú kì í rántí orúkọ wa mọ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún bèèrè oúnjẹ. Àwọn àgbà ní iyè wọn ti ra. Síbẹ̀, bí wọ́n bá jókòó sídìí òfì, wọ́n á hun kíjìpá láìṣì í. Kí ni "iyè" gan-an, tó fi lè ra tí iṣẹ́ ọwọ́ kò sì bá a lọ?

Òkun o. Iyè ni ibi tí à ń kó ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ pamọ́ sí, tí a ti ń mú un jáde nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Ẹ má ṣì í pè ní ìyè, tí í ṣe wíwà láàyè. Nítorí iyè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá oògùn ìsọ̀yè kiri bí ìdánwò bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé a kì í pe iyè sí iṣẹ́ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé iyè òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ohun tí à ń sọ ni pé ó mọ́ òun lára. Ara la pè síbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí jinlẹ̀ gan-an, iṣẹ́ obìnrin onímọ̀ ọpọlọ kan, Brenda Milner, ló sì jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀.

Manchester ni wọ́n bí Milner sí lọ́dún 1918. Ó kó lọ sí Kánádà ní 1944, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì McGill ní 1952. Ní 1953, ní Hartford ní Amẹ́ríkà, dókítà William Scoville ṣiṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ọmọ ọdún 27 tí wárápá ń dà láàmú. Ó gé púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn apá ọpọlọ tó wà nínú lọ́hùn-ún, lọ́gangan etí. Wárápá náà rọlẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ohun tuntun kì í dúró nínú iyè Henry mọ́. Milner á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Montreal wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jáde díẹ̀ tó tún wọlé, Henry á kí i bí ẹni tí kò rí i rí. Bẹ́ẹ̀ òye rẹ̀ pé, ó sì rántí ìgbà èwe rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí Milner àti Scoville gbé jáde lórí rẹ̀ ní 1957 wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń tọ́ka sí jù.

Ìdánwò ìràwọ̀ tí Milner fún Henry ṣe ló bá ọ̀rọ̀ òfì yín mu. Wọ́n á ya ìràwọ̀ kan, wọ́n á ya èyí tó kéré sínú rẹ̀, kí àlàfo tóóró lè wà láàárín méjèèjì. Wọ́n á fi pátákó ká ọwọ́ àti bébà mọ́, kí ẹni náà má bàa rí wọn. Inú dígí tó wà níwájú nìkan ni yóò máa wò, tí yóò fi máa fa pẹ́ńsùlù yípo nínú àlàfo náà. Bí pẹ́ńsùlù bá ti yọ kọjá ilà, àṣìṣe kan nìyẹn. Ibi igun ló máa ń le sí: dígí ti sọ iwájú di ẹ̀yìn, ọwọ́ á gba ibòmíràn lọ, pẹ́ńsùlù á dúró sójú kan, á máa gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ni Henry fi ṣe é. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ ń dín kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Nígbà tó yá, ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé kò le tó bí òun ṣe rò. Ọwọ́ ti kọ́ iṣẹ́ tí iyè kò gbọ́ sí.

Ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́, àti àwọn apá kan láàárín gbùngbùn ọpọlọ, ló ń tọ́jú irú ìmọ̀ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Suzanne Corkin, akẹ́kọ̀ọ́ Milner, kò fi Henry sílẹ̀ títí Henry fi kú ní 2008. Milner gba ẹ̀bùn Kavli, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sí, ní 2014, òun àti ẹni méjì mìíràn.

Ní ti ìyá yín, bí àìsàn Alzheimer bá ń mú arúgbó ṣarán, agbègbè hippocampus yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ Henry dúró síbi tó dúró. Àìsàn yìí kì í dúró, bó bá pẹ́ ọwọ́ náà lè gbàgbé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa hun ún nísinsìnyí. Ẹ má ṣí òfì nípò, ẹ má pààrọ̀ irú òwú tí wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá dúró láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ fi apásà lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ sì sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni iyè wọn dédé dàrú, pàápàá tí ara wọn bá gbóná, ẹ má pè é ní ogbó. Ibà, àrùn inú ìtọ̀ tàbí oògùn tí wọ́n ń lò lè fa èyí, ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.