Ọjọ́ gùn, oṣù kúrú: ṣé aago ara ló dàrú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Láti ìgbà tí mo ti ń dá gbé, tí mo sì ń ṣiṣẹ́ láti inú ilé, ọ̀sán kan a máa gùn bí ọdún lójú mi, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní aago ara mi ti dàrú, ó sì fẹ́ ta àgúnmu fún mi. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú pé ẹni tó dẹ́rù ba ènìyàn náà ló tún ń ta oògùn ẹ̀rù.

Aago ara wà lóòótọ́. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni nínú ọpọlọ. Òun ló ń darí ìgbà oorun àti ìgbà ìjí, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló sì ń tún un tò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ fún wa bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Ní ọdún 1962, Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá gbé inú ihò ilẹ̀ kan ní òkè Alps fún bí oṣù méjì, láìsí aago, láìrí oòrùn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pè é jáde, ó sì yà á lẹ́nu gidigidi, nítorí pé ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ló wà ní tirẹ̀. Síbẹ̀, oorun àti ìjí rẹ̀ kò dàrú, ó ń yípo ní nǹkan bíi wákàtí 24 àti ààbọ̀. Aago ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere ní gbogbo àsìkò tí òun fúnra rẹ̀ fi sọ ọjọ́ tó lé ní 20 nù. Ti Beatriz Flamini, ará Sípéènì, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tó jáde nínú ihò ní 2023, lẹ́yìn nǹkan bí 500 ọjọ́, kò rò pé òun ti lò ju 170 lọ.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà díwọ̀n àkókò. Bí a bá wà nínú rẹ̀, ojú tí a fi ń ṣọ́ ọ ló ń fà á gùn. Obìnrin kan sọ fún mi pé òun wo aago, òun gbálẹ̀, òun fọ abọ́ méjì, òun tún wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló ti lọ. Bí a bá sì bojú wẹ̀yìn, ohun tí a rántí ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Kí lẹ ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, tí ẹ kò ṣe ní Ọjọ́bọ̀? Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ọpọlọ á ká méjèèjì pọ̀ bí aṣọ, oṣù á sì kéré lójú yín. Nítorí náà, ohun méjèèjì tí ẹ kọ kò ta kora.

Nígbà kónílé-ó-gbélé ti 2020, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn tí ìbápàdé wọn pẹ̀lú ènìyàn kò tẹ́ lọ́rùn wà lára àwọn tí ọjọ́ ń fà fún. Ẹ fi ènìyàn sí ọjọ́ yín, kí ìpè ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ìbẹ̀wò ọjọ́ kejì, kí ẹ sì máa jáde sínú ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀.

N kò tíì yẹ̀ yín wò o. Bí oorun bá dá lójú yín, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ìbànújẹ́ kò sì kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà lójúkojú, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún un, títí kan àgúnmu, bí ẹ bá ti rà á kí ìdáhùn yìí tó dé.