Ẹrù ti kún, ọkàn ò tíì múra

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8 fẹ́ wá ṣọdún Kérésìmesì ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún 6 tí mo ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá gbẹ̀yìn. Àpótí mẹ́rin ti kún nínú pálọ̀ wa ní Manchester níbí. Aṣọ ọdún ti wà, ẹ̀bùn ìyá mi ti wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, ìwọ̀n ẹrù ni mo ń rò. Àwọn ọmọ ní tiwọn, ẹ̀bùn ni wọ́n mọ Kérésì sí. Báwo lẹ ṣe ń múra ọkàn sílẹ̀ ní Kánádà lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ mẹ́ta níbẹ̀? Mi ò fẹ́ dé Aké lọ́jọ́ Kérésì kí n jókòó bí ẹni tó wá wòran.

Nǹkan kan ṣì wà, bí kò tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún 3, nítorí owó ilé tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ilé bàbá wa ní Ìtòkò ló ń gbé, ibẹ̀ náà la sì máa dé sí.

Ìdáhùn

Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kádìí, tẹ́ ẹ ní kò kan ọ̀rọ̀ yìí, òun gan-an ló kàn án jù. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Aké, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ni bàbá mi máa ń lọ kiri ilé àwọn tí ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti wọn. Ìyá mi á ti ní ká gbá jànkárìwọ̀ kúrò lára àjà, ká fi ẹfun kun ògiri iwájú ilé, ṣùgbọ́n bàbá mi á ní ìyẹn kọ́ ni ilé tí Jésù fẹ́ wọ̀. Lọ́dún kan, ó ní kí n gbé àwo obì tẹ̀ lé òun. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètè mi ti sán. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kan ilẹ̀kùn. Ó tún fìlà dé, ó wúkọ́, ó wò mí, ó gba àwo obì lọ́wọ́ mi, ó wá ní, "Àgò onílé o." Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ìta ni wọ́n ní kí n jókòó sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Kérésì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí, bàbá mi sì ń kọrin bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí.

Mo ti dàgbà kí n tó rí i pé ohun tí Jésù sọ nínú Mátíù orí 5 ló ń ṣe. Tó o bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ọrẹ sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ìyá Ìbejì, bóyá kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù ló ń dà yín láàmú lórí eékún. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbàgbé owó o. Owó á ní ọjọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún, níwájú àwọn àgbà ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá yín lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara yín.

Ní ti àwọn ọmọ, Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa tó ṣáájú Kérésì la máa ń lò nílé wa. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni. Ẹ rántí aṣọ àlùkò tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí pẹpẹ, bíi ti Lẹ́ńtì. Ìgbà ìrònúpìwàdà àti ìdúró ni, kì í ṣe ìgbà àríyá. Orí 24 ni Ìhìnrere Lúùkù ní, nítorí náà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá, tẹ́ ẹ ń ka orí kan lálẹ́, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì lẹ máa parí rẹ̀. Ẹ kà á ní Yorùbá. Àwọn ọmọ á kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, ẹ dúró dè wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké kí èrò ọdún tó pọ̀. Ẹ sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wọn, ẹni tó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí Bíbélì tí wọ́n ń kà yẹn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn, tí òun àti ìyá rẹ̀ pínyà. Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n ti padà ríra lọ́dún 1846. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Nígbà tí ìyá náà ṣèrìbọmi lọ́dún 1848, Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Sámúẹ́lì sì ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi gbọ́ ìtàn yìí, ó bi mí pé, "Ṣé ìyá náà ń retí rẹ̀ látọjọ́ yẹn?" Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ká máa retí Olúwa ti yé e ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ẹ̀bùn? Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó fẹ́ràn nínú tirẹ̀, kì í ṣe èyí tó ti sú u, kó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ máa jí ṣáájú ilé, ẹ jókòó láìfọwọ́ kan fóònù. Lúùkù ní Màríà pa gbogbo nǹkan wọ̀nyí mọ́, ó ń rò wọ́n nínú ọkàn rẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí ibùjẹ ẹran ráyè rò ó.

Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lọ́jọ́ Sátidé yìí. Tó bá di aago méje àárọ̀ lọ́dọ̀ yín, aago mẹ́jọ ti lù ní Ìtòkò, á ti jí. Ẹ kúnlẹ̀ láàárín àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, bí kò tiẹ̀ ní rí yín. Tó bá gbé e, ẹ má dárúkọ ilé, ẹ má dárúkọ owó. Ẹ ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ kú ọyẹ́ o." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kó lè dáhùn.