Òkúta inú próstéètì: kí ni kí n máa jẹ, kí ni kí n máa mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹni ọdún 63. Ìtọ̀ òru ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí mo máa ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe skáànù fún mi, wọ́n ní próstéètì mi tóbi díẹ̀, wọ́n sì rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má dààmú nípa òkúta náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń to èèwọ̀ lé mi lórí: wàrà, ẹyin, ẹja gbígbẹ, ìgbín, títí kan iyán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu omi Ìkògòsì, òmíràn ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, kí n sì mu ún dáadáa kí n tó sùn, kí òkúta lè bá ìtọ̀ jáde. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, bàbá. Ohun tí dókítà yín sọ ló tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ ibi tí òkúta yìí ti wá kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ òun lásán. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni próstéètì wà, àárín rẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa pèsè apá kan nínú omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Àwọn ọ̀nà tín-ín-rín ni omi náà ń gbà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, tàbí bí àkóràn bá ti wọ ibẹ̀ rí, omi yìí lè dúró sójú kan, kí ó dì, kí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì sì máa lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le, bí ẹfun tí omi kànga mìíràn máa ń fi sí ìdí kẹ́tù. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ẹni 50 ọdún, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ títí wọ́n fi lọ ṣe skáànù nítorí nǹkan mìíràn. Wíwà rẹ̀ nìkan kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ. Àwọn díẹ̀ wà tí kòkòrò àrùn sá pamọ́ sínú òkúta wọn, tí àkóràn ìtọ̀ sì ń padà ṣe wọ́n léraléra. Iṣẹ́ dókítà ni tiwọn, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná. Ní tiyín, ó jọ pé próstéètì tó tóbi àti ohun tí ẹ ń mu lálẹ́ ló ń jí yín, kì í ṣe òkúta.

Òkúta inú kíndìnrín ni àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn ń rò. Inú ìtọ̀ gan-an ni òkúta ti kíndìnrín ti ń dì, ìdí nìyẹn tí omi púpọ̀ fi ń dènà rẹ̀, tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì lè wúlò fún àwọn kan tó ní in. Inú ẹran próstéètì fúnra rẹ̀ ni tiyín há sí. Kò sí omi tí ẹ lè mu tí yóò wọ ibẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ jáde, ì báà jẹ́ ti Ìkògòsì. Ẹ lọ wo bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe pàdé níbẹ̀, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí òkúta náwó ọkọ̀.

Bákan náà, pé kálísíọ́mù wà nínú òkúta kò sọ pé kálísíọ́mù inú wàrà ló dà á síbẹ̀. Ẹni ọdún 63 tó bá pa wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun-teegun tì, egungun ara rẹ̀ ni yóò jìyà. Ẹ máa jẹ ẹyin yín àti ìgbín yín. Ní ti iyán, èmi kò ní pàṣẹ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ ẹ́ mọ́ láìsí ìdí tó dájú. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ara yín ti sanra jù, a ó sọ̀rọ̀ nípa bí òkèlè ṣe máa pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Àsìkò ni mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́. Lítà kan àti ààbọ̀ sí lítà méjì omi lóòjọ́ tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́ta sí mẹ́rin bí ọ̀rá kan bá gba ìdajì lítà; ẹni tó bá ṣiṣẹ́ oko nínú oòrùn yóò fi kún un, ẹni tí dókítà sì ti díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òǹkà tèmi yìí. Ẹ mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó sùn, àyàfi omi díẹ̀ tí ẹ ó fi gbé oògùn mì. Ẹ má sì torí ìtọ̀ òru fi òǹgbẹ pa ara yín lọ́sàn-án, nítorí ìtọ̀ tó bá ki a máa ta àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ a sì máa le.

Ẹ wo oúnjẹ alẹ́ kan tí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi sábà máa ń ròyìn: iyán ní aago mẹ́sàn-án, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí iyọ̀ àti magí jinlẹ̀ nínú rẹ̀, ife omi ńlá méjì láti fi tì í, ọsàn méjì, lẹ́yìn náà ife tíì kan nígbà tí ìròyìn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di orí ibùsùn ní aago mẹ́wàá àbọ̀. Iyọ̀ ń fa òǹgbẹ, ó sì ń jẹ́ kí kíndìnrín máa tú omi sílẹ̀ wọ òru. Omi ló pọ̀ jù nínú ọsàn. Tíì ń lé ìtọ̀. Iyán kan náà ní aago mẹ́fà àbọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ tó dín kù, kí a ti jẹ ọsàn ṣáájú, kí a sì fi tíì sí òwúrọ̀, yóò fún àpò ìtọ̀ láàyè láti tú omi náà dànù kí oorun tó dé. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ni tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá ike tó ní ìlà ìwọ̀n, ẹ máa tọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ kọ aago àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ mu sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé náà. Olùkọ́ ni yín, kò ní nira. Bí ìtọ̀ òru bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú gbogbo ìtọ̀ ọjọ́ kan, dókítà yóò mọ̀ pé kì í ṣe próstéètì nìkan ni ó yẹ kí òun máa wò.

Kaféènì inú kọfí, tíì àti obì a máa ta àpò ìtọ̀, tí yóò fi máa ṣe ni bíi kí a tọ̀. Ata gbígbóná ń dà á rú fún àwọn kan, kò sì ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan kan, nítorí náà mi ò ní ka ata léèwọ̀ fún yín. Ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà.

Ife ẹmu kan lọ́sàn-án kò burú bí oògùn yín kò bá lòdì sí ọtí. Igbá mẹ́ta lálẹ́ burú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tí wọ́n ń tà ní gáréèjì fún jẹ̀díjẹ̀dí àti "òkúta", nítorí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọtí líle lè mú kí ìtọ̀ dí pátápátá lára ẹni tí próstéètì rẹ̀ tóbi.

Ìgbẹ́ líle náà ń ti àpò ìtọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìtọ̀ nira. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ̀ pọ̀ ju ẹran lọ nínú ọbẹ̀ tí ẹ fi ń jẹ iyán, kí ẹ sì máa jẹ ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ dáadáa.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ibà pẹ̀lú òtútù bá dé bá yín nígbà tí ìtọ̀ ń ta yín, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé yín pẹ̀lú dókítà. Bí ìtọ̀ bá sì kọ̀ láti jáde rárá, tí abẹ́ ìdodo ń wú, tó ń dun yín, ẹ má mu omi kún un pé kó lè fi agbára ti ìtọ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. Adó kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà níbẹ̀.