Ìgbà Àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ Béèrè Ọjọ́ Kí Ẹ Tó Béèrè Ọ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Òṣogbo ni mo ń gbé, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì tẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rí. Lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọ ọdún 8 àti 11, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, wá wo Ojúde Ọba, kí a sì dé ibojì Bilikísù Ṣùngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí. Ẹnìkan ní obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni kí n ṣe ètò ọjọ́ mẹ́ta tí a fẹ́ lò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó wà lọ́kàn yín: òótọ́ ni. Àṣà tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Òkè-Ẹ̀rí kò gba obìnrin láàyè láti wọ ojúbọ tí ibojì náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo sì ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dá sílẹ̀ bí a kò bá ti ilé sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo kó àwọn àlejò kan lọ síbẹ̀, n kò sì rántí sọ fún obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Ìgbà tí a ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, ni mo tó ṣàlàyé. Kò bú mi. Ó kàn padà sínú ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí a fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kò sọ bóyá ọkùnrin ni àwọn ọmọ yín tàbí obìnrin. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, ẹ pinnu nílé bóyá ẹ fẹ́ kí ọkùnrin bá afinimọ̀nà wọlé kí èkejì sì dúró lóde pẹ̀lú yín, nítorí ọmọ ọdún 11 yóò béèrè ìdí, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ojúbọ ni ẹ ó ti máa wá èsì kiri. Olùtọ́jú ibojì ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé àti ohun tí ẹ lè yà ní fọ́tò. Inú àpò ni kí fóònù wà títí yóò fi dáhùn. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́wọ́ yín pẹ̀lú kámẹ́rà tó ti ṣí sílẹ̀, ìbéèrè yín ti pẹ́ jù.

Ìtàn tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀ ni pé Bilikísù yìí ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀, ìṣirò ọdún ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù tí wọ́n ń pe àkókò Sólómọ́nì, ṣùgbọ́n Erédò, odi àti yàrà ńlá tí wọ́n ní Bilikísù ló wà á, kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀: àwọn kan fi sí nǹkan bí ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìwádìí tó dé kẹ́yìn sì fi sí nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420. Èmi máa ń sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì fún àlejò, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni mo ti ń sọ ti awalẹ̀pìtàn. Ẹni tó wá gbàdúrà níbi ibojì kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni láti wá bá a jiyàn ọdún.

Bí ẹ bá bi mí, Erédò gan-an ló yẹ kí ẹ fi àkókò sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá obìnrin padà níbẹ̀. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibìkan sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì odi tó mítà 20. Ọdún 1999 ni òkìkí rẹ̀ kàn káyé nígbà tí Patrick Darling, ti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ má wá retí ohun tí ẹ ń rí nílé, ṣá o. Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú àwọn ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 2005, nígbà tí Erédò ṣì wà nínú ìwé àwọn tí ń dúró de ìyẹ̀wò, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní 1995. Kò sí irin tí ènìyàn lè dì mú. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà, ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù, ẹ ó rí ògiri amọ̀ pupa tó dúró gangan lọ́tùn-ún lósì, tí nǹkan ewéko tútù bò mọ́lẹ̀, ewé tó ti jẹrà ni ẹ ó sì máa tẹ̀ lórí amọ̀ tó ń yọ̀. Ìgbà òjò sì ni Iléyá ń bọ́ sí ní àwọn ọdún yìí. Bàtà tó gba ilẹ̀ mú ni kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wọ̀. Ní ti màmá, kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ rárá, kí ẹnìkan bá wọn jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú omi àti ìpápánu.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọjọ́ yìí ni mo sì ń sọ pé kí ẹ béèrè kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Òṣùpá ló ni Iléyá: ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni. Ẹni tó bá fi ọjọ́ èṣí san owó òtẹ́ẹ̀lì yóò dé nígbà tí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń ṣe é báyìí. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí, yóò jó kọjá níwájú ọba nínú aṣọ kan náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìdílé Balógun yóò gun ẹṣin wọlé, tí ìbọn yóò sì máa dún. Ẹ sọ ti ìbọn yìí fún àwọn ọmọ ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ẹṣin láé, bó ti wù kí aṣọ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ dára tó. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sórí bébà, kí ẹ fi sí àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí èrò tó bá pọ̀ báyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa ṣe ségesège. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ dé, kí ẹ wá ibi tí ibòòji yóò wà lọ́sàn-án fún màmá.

Bí Iléyá kò bá rọ̀ yín lọ́rùn tí ẹ sì fẹ́ sún un sí oṣù Keje, ẹ pe ẹni tí yóò gbà yín lálejò, kí ẹ béèrè ọjọ́ Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ àwọn Ìjẹ̀bú. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún a máa rìn láti ìlú wọn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fi ojú kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Orò. Kì í ṣe ohun tí àlejò ń fi owó tàbí ẹ̀bẹ̀ yanjú.

Màmá lè ti gbọ́ ọ rí pé Ìjẹ̀bú-Òde ni ìlú tí àjòjì kì í wọ̀, pé bó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjà ló bí òwe yẹn: àwọn Ìjẹ̀bú ló wà láàárín Èkó àti òkè, wọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà wọn kọjá, títí àwọn Òyìnbó fi ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ẹ fọkàn wọn balẹ̀. Ohun tí wọn yóò fojú rí kò ju ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná lọ.

Ètò mi nìyí: ọjọ́ kejì Iléyá ni kí ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn wọlé, kí ẹ sinmi, ọjọ́ kejì yín, Ojúde Ọba nìkan, kí ẹ má fi ohunkóhun lé e. Ọjọ́ kẹta yín, ẹ tètè jí lọ sí Òkè-Ẹ̀rí àti Erédò, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọ̀nà Ṣàgámù padà, kí ẹ yà sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909, tí wọ́n sì sin wọ́n sí ní 1987. Ẹsẹ̀ màmá yóò gba ìyẹn. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra gààrí, inú ọjà Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ fi díẹ̀ sẹ́nu: ó gbọ́dọ̀ kan, kí ó sì gbẹ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Ìjẹ̀bú tà ní ojú títì kò dé Ìjẹ̀bú rí.