Ohun tó nílò ọwọ́ ọkọ yín àti ohùn wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé àìsàn Parkinson ló ń mú ọwọ́ ọkọ yín gbọ̀n, ẹ wá ń béèrè ibi tí ìmúra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi n'Íbàdàn. Àwọn tó ń sunkún sí yín létí, ẹ má dá wọn lóhùn. Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́ kù bí òjò, 1984 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, 2016 ló tó kú. Àyè wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá nílò ọwọ́ ọkọ yín àti ohùn wọn, àyè tiẹ̀ kò gùn.

Nílé wa, ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ yí padà, kó tó kan ìrìn. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó parí, lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Báǹkì kan dá ṣẹ́ẹ̀kì wa padà, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé kò jọ ti inú fáìlì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni owó dúró níwájú wọn. Nítorí náà, ẹ jọ lọ sí báǹkì báyìí. Ẹ bi wọ́n bí ìtẹ̀ka ṣe lè dúró fún ìbuwọ́lùwé, ẹ sì béèrè àkáǹtì alájọní tí ẹnì kan nínú yín lè dá gbowó níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀, ìwé ọkọ̀, orúkọ ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì máa kàn, wíìlì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá lọ́yà. Kí lọ́yà sọ fún yín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé àṣẹ tí ọkọ yín bá fún yín láti máa ṣojú wọn (power of attorney) bí ìyè wọn bá ra lọ́jọ́ iwájú, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kú nígbà tí orí ẹni tó fún ni kò bá pé mọ́. Àwọn ẹbí kan máa ní ẹ ti ń pín ogún alààyè. Kí ọkọ yín fúnra wọn sọ ọ́ lójú àwọn àbúrò wọn pé àwọn ló ní kí ẹ ṣe é. Ẹ má bá wọn sọ ọ́.

Ohùn náà á máa lọ sílẹ̀. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀: oríkì ìdílé, àwọn tí wọ́n bá pààlà lóko, ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Wọ́n ní kí bàbá àwọn ọmọ mi máa kàwé sókè lójoojúmọ́ kí ohùn má baà tètè rẹ̀. Sáàmù ni wọ́n yàn, títí àdúgbò fi rò pé a ti di aládùúrà.

Oògùn ló ní ọ̀rọ̀ nínú jù. Levodopa, oògùn Parkinson tí ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì mọ̀ sí Sinemet, aago ló ń bá rìn. Bí ẹ bá fi ẹran tàbí ẹ̀wà tì í, oúnjẹ á bá a du ọ̀nà, oògùn ò ní tètè dé ọpọlọ. Ní tiwa, oògùn ń ṣáájú oúnjẹ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mọ́ínmọ́ín àti ẹran sì di oúnjẹ alẹ́. Ẹ má jẹ́ kó tán nílé rárá. Bó bá dédé dúró, ara lè gan, ibà líle sì lè tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ń fi ránṣẹ́ láti London, kó wo nọ́ńbà ìwọ̀n oògùn tó wà lára páálí dáadáa, 25/100 àti 25/250 kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó bá ní CR lára, ìyẹn èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, a kì í lọ̀ ọ́, a kì í rún un.

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú káàdì ọsibítù pé wọn kò gbọdọ̀ fún wọn ní metoclopramide, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Maxolon, tàbí haloperidol tí wọ́n fi ń mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú balẹ̀, torí méjèèjì lè mú àìsàn náà le sí i. Levodopa lè mú kí èébì gbé èèyàn, metoclopramide sì ni wọ́n sábà máa ń sáré fún ẹni tó ń bì. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ò mọ ìtàn yín.

Ẹnìkan á gbé àgúnmu èso yèrèpè wá. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, levodopa wà nínú èso náà. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn: ta ló wọn iye tó wà nínú ṣíbí kan? Ẹ má pò ó mọ́ ti kẹ́míìsì lẹ́yìn dókítà.

Ojú wọn lè dá gún, bíi ti ẹni tó ń bínú, ìdáhùn kíkí á sì máa pẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ mọ ohun tíyẹn ń dá sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bàbá ti ń gbéra ga. Àwọn mìíràn ní aráyé ló mú ẹ̀rín wọn lọ. Ẹ tètè ṣàlàyé fún ilé àti ìjọ kó má baà di àhesọ.

Ti ilé ò le: ẹ kó rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, kí wẹ́dà fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀, kí sálúbàtà yọ̀bọ́yọ̀bọ́ di ohun ìgbàgbé, kí télọ̀ fi rọ́bà sí ṣòkòtò dípò okùn. Bí ẹsẹ̀ wọn bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fà wọ́n. Bàbá wa ṣe Boys' Brigade léwe. Tí mo bá kọ orin ìyan wọn, ẹsẹ̀ á gbéra.

Ẹ ò sọ bóyá wọ́n ṣì ń wa mọ́tò. Bí wọ́n bá ń wà á, ẹ bi dókítà lójú wọn nígbà tí ẹ bá padà lọ, kó lè jẹ́ ẹnu dókítà ni wọ́n á ti gbọ́ pé kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.