Èsì: Báwo ni dáínásọ̀ tó tóbi jù ṣe ń jẹun yó?

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín dáa gan-an o, pé báwo ni ẹranko tó tóbi tó yẹn ṣe ń jẹun yó. Ẹ wo Patagotitan, ọ̀kan lára àwọn dáínásọ̀, ìyẹn àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tí kò sí mọ́, tí wọ́n hú egungun ẹ̀ ní Ajẹntínà, tí wọ́n fún lórúkọ ní 2017, wọ́n fojú díwọ̀n ẹ̀ sí nǹkan bíi mítà 37 láti orí dé ìrù, ewé àti ewéko nìkan ló sì ń jẹ! Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé kì í rún oúnjẹ lẹ́nu, ó kàn ń já ewé ni ó ń gbé e mì, ikùn ńlá yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù, ọrùn gígùn náà ò sì jẹ́ kó máa rìn káàkiri jù, á dúró síbì kan á jẹ gbogbo ibi tí ọrùn bá dé. Afẹ́fẹ́ wà nínú eegun ọrùn yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ẹyin àwọn dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn bíi tiẹ̀ tí wọ́n rí ní Auca Mahuevo, ní Ajẹntínà yẹn náà, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ọmọ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè dàgbà ni o, torí àwọn apẹranjẹ ò ní fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré.